Kí Ni A Ó Pe “Sorry” Ní Èdè Wa?

Ìbéèrè tí a fẹ́ dáhùn ní ọ̀sẹ̀ yìí ti ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kan ní Aràmọkọ wá. Ó ní àwọn ọmọ ọmọ òun tí a bí sí ìlú òyìnbó wá kí òun ní àkókò ìsinmi, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò sì kúrò lẹ́nu wọn. Bí wọ́n bá fọ́ àwo, “sorry”. Bí òun bá sọ fún wọn pé orúnkún ń dun òun, “sorry”. Bí wọn kò bá gbọ́ ohun tí òun wí, “sorry”. Bí wọn kò bá fẹ́ jẹ iyán mọ́, “sorry” náà ni. Ìyá náà bèèrè pé kí ni a ó pe ọ̀rọ̀ yìí ní èdè wa, kí òun lè mọ ìgbà tí wọ́n ń tọrọ àforíjì, àti ìgbà tí wọn kò tọrọ ohunkóhun.

Ìbéèrè rere ni. Ẹnikẹ́ni tí ó ti ṣe iṣẹ́ akọ̀wé, tí àwọn àgbà sì máa ń gbé lẹ́tà wá bá kí ó kà á fún wọn, yóò jẹ́rìí sí i pé ọ̀rọ̀ gígùn kì í da ògbufọ̀ láàmú púpọ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá gùn tí ó sì ṣòro, ògbufọ̀ yóò dúró, yóò ronú, yóò sì ṣí ìwé wò. Ọ̀rọ̀ kúkúrú tí gbogbo wa rò pé a mọ̀ ni ó ń mú wa fẹsẹ̀ kọ, nítorí a kì í dúró ronú lé e lórí.

Àwọn baba wa ti ṣe iṣẹ́ ribiribi fún wa ní ọ̀nà yìí. Ní ọdún 1843 ni Samuel Ajayi Crowther tẹ àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde. Ní ọdún 1913 sì ni ilé ìtàwé C.M.S. ní Èkó tẹ ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tí a tún tẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà lẹ́yìn náà. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ wúlò púpọ̀, ṣùgbọ́n ó dàbí àpótí káfíńtà. Òòlù wà níbẹ̀, ayùn wà níbẹ̀, ìfági wà níbẹ̀. Káfíńtà fúnra rẹ̀ ni yóò mọ èyí tí iṣẹ́ òní ń fẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà. “Sorry” ti inú èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ wá, láti ara ọ̀rọ̀ kan tí ó túmọ̀ sí ìrora tàbí egbò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì sì ń lo ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ náà fún egbò títí di òní. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé òun “sorry” ń wí nípìlẹ̀ pé ohun kan dun òun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò sọ ẹni tí ó dá egbò, kò sì sọ ara ẹni tí egbò náà wà. Níbẹ̀ ni gbogbo ìyọnu ògbufọ̀ ti bẹ̀rẹ̀, nítorí èdè Yorùbá kì í fẹ́ kí a fi ohun méjèèjì yìí pamọ́.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí a tú u ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkíní, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ ni. Ọmọ gba owó ilé-ẹ̀kọ́, ó ná an sí ibòmíràn, ó sì wá sọ pé òun “sorry”. Ohun tí a ó wí ní èdè wa ni pé, “Mo ṣẹ̀, mo jẹ̀bi, ẹ foríjì mí.” Orúnkún yóò sì kan ilẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, tàbí kí àyà kan ilẹ̀.

Èkejì, ọ̀rọ̀ abánikẹ́dùn ni. Ọ̀kadà gbé ẹnìkan ṣubú ní ọ̀nà Ìkòrò, àwa sì pàdé rẹ̀ pẹ̀lú ọgbẹ́ lẹ́sẹ̀. A ó wí pé, “Pẹ̀lẹ́ o.” Bí ó bá jẹ́ pé ẹni rẹ̀ ni ó kú, “pẹ̀lẹ́” nìkan kò tó, a ó wí pé, “Ẹ kú ọ̀fọ̀, ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ara fẹ́ra kù.”

Ẹ̀kẹta, ọ̀rọ̀ aláàánú ni. Òyìnbó a máa wí pé òun “sorry” fún ọmọ òrukàn kan tí òun rí ní ọjà. Èyí ni, “Àánú rẹ̀ ṣe mí.”

Ẹ̀kẹrin, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó ń kọ̀ ni. Bí báńkì bá kọ̀wé pé àwọn “sorry” pé àwọn kò lè yá ọ lówó, wọn kò ṣẹ̀ ọ́, wọn kò sì sọkún nítorí rẹ. Ohun tí wọ́n wí ni pé, “Ẹ má bínú, kò ṣeé ṣe.”

Ẹ̀karùn-ún, ọ̀rọ̀ ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa ni: “Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ wí?”

Ẹ̀kẹfà, ọ̀rọ̀ àbámọ̀ ni. Àgbẹ̀ tí ó ta ilẹ̀ kòkó rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú, tí ó wá rí ohun tí ẹlòmíràn rí níbẹ̀, yóò wí pé òun “sorry”. Kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ó kábàámọ̀ ni. Àwọn àgbà sì ti wí pé àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn.

Ẹ̀keje, wọn a máa fi júwe ohun tí kò dára mọ́: ilé tí òrùlé rẹ̀ ti jò, aṣọ tí ó ti gbó. Ohun tí ó ṣeni láàánú láti wò ni a ó pè é.

Ọ̀rọ̀ kan, ọ̀nà méje. Kí a má ṣe tìtorí èyí fi àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe yẹ̀yẹ́, nítorí àwa pẹ̀lú ní irú rẹ̀. A ń fi “pẹ̀lẹ́” kí ẹni tí a pàdé lọ́nà, a ń fi tu aláìsàn nínú, a sì ń fi kìlọ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ fò kọjá kòtò. Àwọn ará Japan náà ní ọ̀rọ̀ kan, sumimasen, tí ìtumọ̀ rẹ̀ ní ìpìlẹ̀ sún mọ́ pé ọ̀ràn náà kò tíì parí. Wọ́n ń fi tọrọ àforíjì, wọ́n ń fi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó ṣe wàhálà nítorí wọn, wọ́n sì ń fi pe ọlọ́jà kí ó wá dá wọn lóhùn. Kò sí èdè tí kò ní irú àpò bẹ́ẹ̀. Wàhálà a máa dé nígbà tí a bá fẹ́ da ohun tí ó wà nínú àpò èdè kan sínú àpò èdè mìíràn.

Ẹ wo ti “pẹ̀lẹ́” wa yìí. Ní Ìjerò níhìn-ín ni kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ìlera ti Ìpínlẹ̀ Èkìtì wà, a sì mọ̀ pé nínú àwọn ọmọ wa tí ń kọ́ iṣẹ́ ìlera, àwọn kan ń gbèrò àti lọ ṣiṣẹ́ ní òkè òkun. Bí aláìsàn bá yọ̀ ṣubú níwájú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìlú òyìnbó, ọkàn rẹ̀ yóò wí pé “pẹ̀lẹ́”, ẹnu rẹ̀ yóò sì wí pé “sorry”. Aláìsàn náà lè dá a lóhùn pé, “Kí ni ìwọ ṣe? Ìwọ kọ́ ni o tì mí.” Ọmọ wa yóò dúró, ẹnu yóò yà á. Ó ń báni kẹ́dùn. Ẹni tí ó gbọ́ ọ rò pé ó ń jẹ́wọ́ ni.

Ọ̀ràn yìí tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn aṣòfin fi jókòó lé e lórí. Ní ilẹ̀ wọn, ẹlòmíràn a máa bẹ̀rù àti bá ẹni tí ìjàm̀bá ṣe kẹ́dùn, kí agbẹjọ́rò má baà gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí kóòtù pé ó ti fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Nítorí náà, ní ọdún 1986, ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà ṣe òfin pé ọ̀rọ̀ ìbánikẹ́dùn lẹ́yìn ìjàm̀bá kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹni tí ó sọ ọ́ jẹ̀bi. Ní ọdún 2006, ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe òfin fún ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales pé ìtọrọ àforíjì nìkan kò tó láti dá ènìyàn lẹ́bi àìbìkítà. Ìpínlẹ̀ British Columbia ní ilẹ̀ Kánádà ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ọdún kan náà, ìpínlẹ̀ Ontario sì tẹ̀ lé e ní ọdún 2009. Ẹ rò ó wò, ẹ̀yin ará mi: a ní láti fi òfin ya “pẹ̀lẹ́” kúrò lára “mo jẹ̀bi”, nítorí pé ọ̀rọ̀ kan náà ni ó gbé méjèèjì.

Àwọn ìjọba pàápàá ti rí i lára. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 2001, ọkọ̀ òfurufú ológun Amẹ́ríkà kan tí ó ń ṣe amí, àti ọkọ̀ òfurufú ogun ilẹ̀ Ṣáínà kan, kọ lu ara wọn lókè òkun ní ìtòsí erékùṣù Hainan. Awakọ̀ ará Ṣáínà náà ṣègbé. Ti Amẹ́ríkà fi ipá balẹ̀ sí erékùṣù náà, àwọn ará Ṣáínà sì dá àwọn 24 tí ó wà nínú rẹ̀ dúró. Ìjọba Ṣáínà wí pé àfi kí Amẹ́ríkà tọrọ àforíjì ní gbangba. Amẹ́ríkà wí pé àwọn kò jẹ̀bi. Ní ọjọ́ 11 oṣù náà, ikọ̀ Amẹ́ríkà ní ìlú Beijing kọ lẹ́tà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì lo “sorry” lẹ́ẹ̀mejì nínú rẹ̀: ọ̀kan nítorí ẹbí awakọ̀ tí ó ṣègbé, ọ̀kan nítorí pé ọkọ̀ wọn wọ òfurufú Ṣáínà tí ó sì balẹ̀ láìgba àṣẹ. Àwọn ará Ṣáínà fi ọ̀rọ̀ tí ó sún mọ́ ìtọrọ àforíjì túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ènìyàn wọn. Àwọn ará Amẹ́ríkà wí fún àwọn ènìyàn tiwọn pé ìkẹ́dùn ni, kì í ṣe ìjẹ́wọ́. Olúkúlùkù mú ohun tí ó ń wá nínú ọ̀rọ̀ náà, a sì dá àwọn 24 náà sílẹ̀ kí wọ́n máa lọ sílé.

Ọ̀rọ̀ tí kò ṣe kedere gba àwọn ìjọba méjì yẹn lọ́wọ́ ìjà. Ṣùgbọ́n nínú ilé, láàrin ìyekan, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ a máa dá ìjà sílẹ̀. Èyí ni ó mú mi rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní agbo ilé kan ní ìlú wa níhìn-ín, tí èmi kò ní dárúkọ.

Baálé ilé náà kú lẹ́yìn àìsàn pípẹ́. Àbúrò rẹ̀ tí ń gbé ní òkè òkun fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì sórí fóònù ọmọ olóògbé. Ìlà mẹ́ta ni ọ̀rọ̀ náà, “sorry” mẹ́ta ni ó sì wà níbẹ̀: ọ̀kan nítorí ikú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀kan nítorí pé kò lè ṣe ju èyí tí ó ṣe lọ, ọ̀kan nítorí pé kò ní lè wá síbi ìsìnkú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ilé ni ó kà á fún opó. Bí ó ti kẹ́kọ̀ọ́ mọ ni ó ṣe túmọ̀ rẹ̀: ó ní, “Ó ní òun jẹ̀bi ikú wọn, òun jẹ̀bi owó, òun jẹ̀bi pé òun kò ní wá.” Ilé gbiná. Àwọn kan ní àbí ó mọ ohun tí ó pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni? Àwọn mìíràn ní owó ìtọ́jú tí ó yẹ kí ó fi ránṣẹ́ ni ó dì mú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti ń wí pé kí ó má ṣe fi ẹsẹ̀ tẹ ilé náà mọ́ láé.

Wọ́n gbé fóònù náà wá bá mi. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Mo wí fún opó náà pé, “Ìyá, ‘sorry’ àkọ́kọ́ yìí, ẹ̀dùn ni. Ohun tí ó wí ni pé ó dun òun púpọ̀, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Ìkẹta, ẹ̀bẹ̀ ni. Ó ní ẹ má bínú, òun kò ní lè wá. Èkejì yìí ni èmi kò lè dá túmọ̀. Ó lè jẹ́ pé ó kàn ń dùn ún pé agbára òun kò ká a. Ó lè jẹ́ pé ohun kan wà lọ́kàn rẹ̀ tí ó fẹ́ jẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí a pè é, kí ó fi èdè abínibí sọ ọ́.”

A pè é. Nígbà tí ó gbọ́ ohùn opó náà, ó kọ́kọ́ fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀. Ìyá náà dá a lẹ́kun. Ó ní, “Ọkọ mi, ẹ fi èdè wa bá mi sọ̀rọ̀.” Ọkùnrin náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wí pé, “Ìyàwó wa, mo jẹ̀bi ohun kan. Ìgbà tí ẹ kọ́kọ́ béèrè owó, owó wà lọ́wọ́ mi. Mo rò pé àìsàn náà kò le tó bẹ́ẹ̀, mo sì jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Ẹ foríjì mí.” Gbogbo ilé dákẹ́. Opó náà sọkún títí, ó sì wí pé, “Mo ti foríjì yín. Ẹ kú ọ̀fọ̀ ẹ̀gbọ́n yín.” Ìyẹn ni ó parí ìjà náà. Àwọn àgbà wí pé ẹlẹ́jọ́ tí ó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀.

Ẹ ṣe àkíyèsí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó túmọ̀ ìlà mẹ́ta yẹn ka ẹ̀bi mẹ́ta sí ọkùnrin náà lọ́rùn, nígbà tí ẹyọ kan ṣoṣo wà níbẹ̀. Ẹyọ kan náà ẹ̀wẹ̀ fara pamọ́ sábẹ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Kò ṣeé dá mọ̀ títí ó fi di dandan pé kí ó fi èdè wa sọ ọ́. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó lè wí pé ohun kan dun òun, kí ó sì dúró níbẹ̀. Ní èdè wa, ó ní láti yàn bóyá ẹni tí ń kẹ́dùn ni òun tàbí ẹni tí ń jẹ́wọ́.

Àwọn tí wọ́n túmọ̀ Bíbélì fún wa mọ irú ìyàtọ̀ yìí, odindi rẹ̀ sì jáde ní ọdún 1884. Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1611 lo ọ̀rọ̀ kan náà fún ẹlẹ́ṣẹ̀ tí ó yí padà, àti fún Ọlọ́run nígbà tí ó wo ìwà búburú àwọn ènìyàn ìgbà Nóà. Bí ògbufọ̀ bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ náà láìronú, yóò wí pé Ọlọ́run ronúpìwàdà, bí ẹni pé Olúwa ní ìwà búburú tí yóò pa dà. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Fún ẹlẹ́ṣẹ̀, wọ́n lo “ronúpìwàdà”, tí ó kó ìrònú inú àti ìyípadà ìwà pọ̀ sójú kan. Fún Olúwa, wọ́n wí pé inú rẹ̀ bàjẹ́. Ìyẹn ni iṣẹ́ ògbufọ̀ tí ó bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tí ó ń gbọ́.

Nítorí náà, bí a bá pè yín láti ka irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún àgbà, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín ní ìbéèrè mẹ́ta. Ta ni ó ṣe ohun tí ó bàjẹ́? Ara ta ni ó ń ro? Kí ni ẹni tí ó sọ̀rọ̀ ń fẹ́ kí a ṣe fún òun? Bí ó bá jẹ́ pé òun ni ó ṣe é, tí ó sì ń fẹ́ kí a tú òun sílẹ̀, “ẹ foríjì mí” ni. Bí kì í bá ṣe òun ni ó ṣe é, tí kò sì béèrè ohunkóhun, “pẹ̀lẹ́” ni, tàbí “ẹ kú ìrọ́jú”. Bí ó bá jẹ́ pé ó ń fẹ́ kí a má ṣe ka kíkọ̀ òun sí, “ẹ má bínú” ni. Bí ìdáhùn kò bá sì yé yín, ẹ má ṣe fi èrò ara yín dí àlàfo náà. Ẹ wí fún àgbà náà pé ọ̀rọ̀ náà ní ọ̀nà méjì, kí ẹ sì bi ẹni tí ó kọ ọ́.

Ẹ̀yin òbí, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín pẹ̀lú. “Sọ́rì” ti wọ ilé wa, kò sì burú fún ọ̀ràn kékeré. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ṣẹ̀ tí ó sì fi “sọ́rì” kọjá bí ẹni tí ń sá òjò, ẹ pè é padà. Ẹ jẹ́ kí ó wí pé, “Ẹ foríjì mí, èmi ni mo fọ́ àwo náà.” Nígbà tí ó bá ti fi ẹnu ara rẹ̀ pe ohun tí ó ṣe, ẹ foríjì í lójú ẹsẹ̀, kí ó má baà rò pé ìjìyà nìkan ni òtítọ́ ń mú wá. Ẹ̀yin baálé, kí ẹ̀yin náà má ṣe fi “pẹ̀lẹ́” bo ohun tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe sí aya yín. Ẹni tí ó dá egbò síni lára kò yẹ kí ó máa kíni bí àlejò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí egbò náà.

Ní ti ìyá wa ní Aràmọkọ, ìdáhùn wa nìyí. Nígbà tí wọ́n fọ́ àwo, wọ́n ń tọrọ àforíjì; ẹ foríjì wọ́n. Nígbà tí ẹ sọ ti orúnkún, wọ́n ń kí yín pẹ̀lẹ́. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí wọn kò gbọ́ràn, ẹ tún un sọ. Ní ti iyán, ẹ má bínú, ìyá. Wọ́n ti yó ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó padà sí òkè òkun, ẹ kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ mẹ́rin: pẹ̀lẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú, ẹ foríjì mí. Bí wọ́n bá mọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin wọn, wọn yóò lè bá ẹbí wọn sọ òtítọ́ ní ọjọ́ tí yóò ṣòro.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, bí Olúwa bá fẹ́. Kí àlàáfíà wà ní ilé olúkúlùkù yín.